Kukumba lórí ilẹ̀ tí a ti fín atrazine sí

Àǹtí, ẹ ní ẹ fín atrazine, òògùn tó ń pa koríko, sí oko àgbàdo yín ní Kuje lójò tó kọjá, ẹ sì fẹ́ gbin kukumba síbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn yìí, pé ẹnìkan sọ fún yín pé oòrùn á ti pa oró rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra irúgbìn. Ohun tí mo rò lọ́dún 2019 ní Gwagwalada náà nìyẹn.

August ni mo fín tèmi, mo ya àgbàdo tán ní October, mo gbin kukumba ní December. Ó hù dáadáa, inú mi dùn. Nígbà tí ewé kẹta yọ, etí ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń pọ́n lọ sí àárín, àfi iṣan ewé nìkan ló ṣì tutù. Nígbà tó yá, etí ewé gbẹ, ó ń rún lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ebi ló ń pa á, mo da ajílẹ̀ yúríà sí i. Mo tún ba nǹkan jẹ́ sí i ni.

Kì í ṣe ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́ ló ń jẹ òògùn nínú ilẹ̀. Àwọn ẹ̀dá tí ojú wa kò rí, bakitéríà àtàwọn ẹbí olú, ló ń tú u palẹ̀. Àwọn bakitéríà kan máa ń já kílóríìnì ara atrazine dànù, tí wọ́n bá ti já a, kò lè pa ewéko mọ́. Náítírójìn inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí ẹ bá wá gbé yúríà, tí náítírójìn kún inú rẹ̀, síwájú wọn, wọ́n ti rí èyí tó rọrùn jẹ, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi atrazine ṣe? Omi sì tún ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe máa ń le tí ọyẹ́ bá dé. Wọn ò kú síbẹ̀, wọ́n kàn sùn ni.

Mo fa kukumba náà tu. Mo ra ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, mo rò ó mọ́ ilẹ̀, mo fi pòròpórò bò ó, mo ń bomi rin ín ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méje. Kí n tó gbin nǹkan, mo bu ilẹ̀ yẹn sínú abọ́ kan, mo bu ti abẹ́ máńgòrò ilé, tí òògùn ò kàn rí, sínú èkejì, mo gbin kukumba sí méjèèjì. Ti oko ṣì pọ́n díẹ̀. Mo dúró, mo tún dán an wò, kí n tó gbin ní March.

Òògùn àrùn tòmátì tí ẹ tún béèrè: mancozeb máa ń tètè tú ká, carbendazim lè lo oṣù púpọ̀ nínú ilẹ̀. Èyí tí wọ́n fi bàbà ṣe ni mo ti pa tì pátápátá, torí kò sí bakitéríà tó lè tú bàbà palẹ̀. Ńṣe ló ń kó jọ sínú ilẹ̀ lọ́dọọdún.

Tí atrazine bá ṣì kù nílé, ẹ má fín in mọ́. NAFDAC ti fòfin dè é láti January 1, 2025.

Ẹ bu ilẹ̀ sínú abọ́ lọ́la. Ẹ má bù ú lójú kan o. Ẹ rí i pé ẹ bu ti eteetí oko, níbi tí ẹni tó ń fín in ti máa ń yí padà, ibẹ̀ ni òògùn máa ń pọ̀ sí jù.