Ṣé sẹ́ẹ̀lì inú àwo lè sọ ewu òjé fún wa?

Ìbéèrè: Wọ́n ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ nítòsí ilé wa n'Íkòròdú. Mo gbọ́ pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ni wọ́n fi ń mọ ewu òjé. Ṣé ó lè sọ bóyá ọmọ mi ti kó o? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó ń jẹ́ HepG2 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Wọ́n á pín in sínú àwo oníhò 96, nǹkan bí 10,000 sí ihò kọ̀ọ̀kan, nínú ẹ̀rọ tó móoru ní 37°C. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á fi òjé sí i ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, wọ́n á dá ihò mélòó kan sí fún àfiwé. Lẹ́yìn wákàtí 24, wọ́n á kán MTT, omi aláwọ̀ ìyeyè, sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó yè á sọ ọ́ di elésèé àlùkò. Òkú sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe é.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé: èròjà fọ́sífétì inú omi oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì máa ń gbá òjé mú, á sì silẹ̀ bí ẹfun sí ìsàlẹ̀ ihò. Sẹ́ẹ̀lì á wà láàyè, ẹ ó rò pé kò séwu, bẹ́ẹ̀ òjé ọ̀hún kò kàn án dáadáa.

Àmọ́ àyẹ̀wò sẹ́ẹ̀lì yìí kò lè sọ ohun tó wà lára ọmọ yín. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kí wọ́n fà á láti inú iṣan, torí eruku orí ìka lè ba èsì jẹ́. Tí òjé bá ti tó máíkírógíráàmù 5 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí wọ́n wá orísun rẹ̀ kí wọ́n sì dí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbójú lé omi sísè láti fi yọ òjé inú omi: òjé kì í bá ooru lọ, ńṣe ló ń ki sí i bí omi ṣe ń fà.