Orúkọ àbíkú kì í ṣe èpè o

Ẹnì kan béèrè pé kí ni wọ́n ń pè ní irony, àti pé irú wo ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Irony ni kí ohun tá a gbọ́ tàbí tá a rí síta jẹ́ ìdàkejì ohun tó wà nídìí ẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ló bí mi nínú. Wọ́n ní nǹkan òyìnbó ni, pé ohun tó bá wà lọ́kàn Yorùbá náà ló máa ń sọ. Ẹlòmíì tún wá fi orúkọ àbíkú ṣe ẹ̀rí, ó ní bí òbí bá sọ ọmọ ní Àkísàátán tàbí Ajá, wọ́n kórìíra ọmọ náà ni, pé èpè ni wọ́n ń fi lé e lórí. Háà! Ta ló kọ́ yín nírú èyí?

Ohun tí èmi gbà gbọ́ nìyí, mi ò sì ní yí i padà fún ẹnikẹ́ni: kò síbi tí irony Yorùbá ti lágbára tó inú orúkọ àbíkú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ni, èèyàn méjì ló ń gbọ́ ọ, ọ̀kan mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀, èkejì ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti di èyí mú, irú mẹ́ta tí wọ́n ń kà sílẹ̀ nílé ìwé á yé yín: ti ẹnu, tinú ìtàn, àti ti ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo Kòsọ́kọ́. Ẹ fọkàn yàwòrán ilé àgbẹ̀, ọkọ́ wà lára ògiri, ọkọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bàbá ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tiẹ̀ kọ́ èjìká ti oko dé ni, erùpẹ̀ ò tíì gbẹ lára ẹ̀. Wọ́n wá gbé ọmọ jáde sáàárín ẹbí, wọ́n ní Kòsọ́kọ́ lorúkọ ẹ̀, kò sí ọkọ́ tá a máa fi gbẹ́lẹ̀ sin ẹ́ tó o bá tún kú. Gbogbo ẹni tó jókòó ló ń fojú ara wọn rí ọkọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó ní irọ́ ni, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Ẹgbẹ́ ọ̀run tó ń pe ọmọ náà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àti ọmọ fúnra ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àkísàátán, àkísà kún inú ilé fọ́fọ́, wọ́n ní ó ti tán, kò sí èyí tá a máa fi wé òkú mọ́. Ìgbẹ́kọ̀yí, wọ́n ní igbó pàápàá kọ̀ ọ́. Ajá ńkọ́? Ìyá tó ń pe ọmọ ẹ̀ ní Ajá yìí náà ló ń so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tí kì í fojú kan oorun tí ara ọmọ bá ti gbóná díẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi orúkọ burúkú bò mọ́lẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ wá mú un lè rò pé kò níyì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wá gbọ́ ọ tó pè é lépè, ibi tí wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹ́ ọ̀run gbọ́ ọ dé náà lòun gbọ́ ọ dé.

Ti ẹnu ojoojúmọ́ ò le rárá. Ọmọ ń fi oúnjẹ ṣeré, ìyá ẹ̀ ní "máa ṣe é lọ". Nígbà tiwa, tó o bá ti gbọ́ "máa ṣe é lọ", wàá ti jáwọ́ kó tó pa ẹnu dé. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi. Lónìí, ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, kódà èyí tí wọ́n tọ́ ní Lẹ́kí níbí, ìyá ẹ̀ á ní máa ṣe é lọ, ọmọ á sì máa ṣe é lọ ní tiẹ̀, torí wọ́n ní kó máa ṣe é. Ó ń dùn mí gan-an. Ọmọ yẹn ò yájú, a ò bá a sọ èdè náà tó ni.

Tinú ìtàn wá ńkọ́, àwa tá à ń gbọ́ la mọ̀, ẹni tọ́rọ̀ kàn ni ò mọ̀. Ìjàpá lọ bá Erin nínú igbó, ó ní ará ìlú fẹ́ fi jọba, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gbẹ́ kòtò ńlá sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, wọ́n gbé àga sórí ẹní. Ẹ rántí pé àwa ọmọdé tá a jókòó là ń gbe orin tí wọ́n fi ń mú Erin wọ̀lú! A mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹní, a sì ń gberin, Erin ń jó bọ̀. Àwa náà ti wà lára àwọn tó ń tàn án. Tó bá ti kù díẹ̀ kó jókòó, ẹ̀rù á ti máa bà wá.

Èyí tó kù ni kí nǹkan yọrí sí ìdàkejì ohun tá a retí, ìyẹn ò gba àlàyé, ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo orúkọ yẹn náà lẹ́ẹ̀kan sí i: Ọba Kòsọ́kọ́ gorí ìtẹ́ Èkó ní 1845, Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé e kúrò ní oṣù Kejìlá 1851, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ, ó ṣì wà láyé títí di 1872. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tan ikú wá di òótọ́, kò sí ọkọ́ tó sin ín ní kékeré.

Àwọn kan ti ń yí irú orúkọ yìí padà báyìí, wọ́n ní ó ń fa àìríṣe. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí kóòtù àti ìwé ìròyìn pé ẹ ò jẹ́ Kòsọ́kọ́ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá àgbà ilé yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n ti sin kó tó kan ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ.