Ẹ Bi Onírẹ́kọ́dù: Onílù Yìí Ti Mutí Ni?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dẹ̀ ń sunkún nǹkan kan náà, pé àwọn náwó lórí ẹ̀rọ rẹ́kọ́dù títí, orin inú ẹ̀ ò wá dùn tó bí àwọn ṣe rò. Mẹ́rin ni mo mú. Ẹni tí mi ò bá tíì dá lóhùn kó má bínú, mo ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bọ̀dá mi tó wà l'Amẹ́ríkà fi turntable, ẹ̀rọ tó ń yí rẹ́kọ́dù, ránṣẹ́ sí mi, bẹ́líìtì ló fi ń yí, ó rẹwà gan-an. Wọ́n ní kí n ra step-down tó ń dín volt iná kù, mo ra á. Mo wá gbé rẹ́kọ́dù Ebenezer Obey lé e, ohùn bàbá wá ń jáde bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́, mo pààrọ̀ wáyà, mo tiẹ̀ ra ampilifáyà míì, bó ṣe wà náà ló wà. Kí ló dé? Ọmọ Àgùdà, Sùúrùlérè.

Ìdáhùn: Àbúrò, ó dùn mí pé o ti ra ampilifáyà kó o tó kọ̀wé, torí ampilifáyà ẹ ò ṣẹ ẹnì kankan. Iná Amẹ́ríkà àti iná tiwa ni ò rìn bákan náà. Tiwọn jẹ́ 120 volt, tiwa 230, ìyẹn ni step-down bá ẹ yanjú. Nǹkan kejì wà tí step-down ò lè fọwọ́ kàn rárá: láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, iná tiwọn ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 60, tiwa nígbà 50. Hertz ni àwọn oníná ń pè é. Ọ̀pọ̀ turntable oníbẹ́líìtì, pàápàá àwọn àtijọ́, motor inú wọn dà bí ẹni tó ń jó sí ìlù, bí iná bá ṣe lù ú ló ṣe máa jó. Èyí tí wọ́n ṣe fún 60, tó bá dé orí 50 tiwa, rẹ́kọ́dù tó yẹ kó yí nígbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan á máa yí ní nǹkan bíi 27.8. Orin ìṣẹ́jú 20 á di 24, ohùn á dẹ̀ wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Bàbá ò sùn o, ìwọ lò ń fà wọ́n sẹ́yìn.

Mo mọ̀ ọ́n torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nígbà tí mo ń gbé ní Yábàá, mo ra ọ̀kan tòkunbọ̀ lọ́wọ́ bọ̀dá kan l'Álábà, ó búra fún mi pé kò sí nǹkan tó ṣe é, mo gbé e délé, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó tì í tí mò ń mi orí. Ìyàwó mi ló já a, kì í ṣèmi tí mò ń pe ara mi lónírẹ́kọ́dù. Ó wà ní kíṣìnì níbi tó ti ń rẹ́ ẹ̀fọ́, ó kàn bi mí látibẹ̀ pé, "Onílù yìí ti mutí ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí jí.

Bó o ṣe máa dán an wò rèé, kò ná ẹ ní kọ́bọ̀. Gé bébà funfun bíńtín, kó má ju èékánná lọ, fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí pẹpẹ tó ń yí yẹn. Gbé rẹ́kọ́dù lé e, kó o sọ abẹ́rẹ́ náà sí i kó máa kọrin, torí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an la fẹ́ wọ̀n. Wá fi fóònù ẹ ka àkókò, kó o máa ka iye ìgbà tí bébà yẹn gba iwájú ẹ kọjá. Tí ìṣẹ́jú 3 bá pé tó o ka 100, ara ẹ̀ yá. Tó bá jẹ́ nǹkan bíi 83 lo kà, iná Amẹ́ríkà ṣì ni ẹ̀rọ yẹn ń wá kiri.

Àtúnṣe ẹ̀ ò le. Wo irin roboto kékeré tó wà lórí motor, ibi tí bẹ́líìtì ti ń gbéra, àwọn tó ń ṣe turntable máa ń ní ti 50 yàtọ̀ sí ti 60, ti 50 ló sanra díẹ̀. Ka nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀rọ ẹ, kọ̀wé sí wọn, kí bọ̀dá ẹ bá ẹ rà á wá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi téèpù wé ti tẹ́lẹ̀ kó lè sanra o! Mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, ó dẹ̀ ń fi ṣe fáàrí. Àwọn kan tún ń lo àpótí iná tó ń fún motor nìkan ní 60 tiẹ̀, ìyẹn náà dáa, àmọ́ ó wọ́n. Tó bá jẹ́ direct drive, èyí tí motor ẹ̀ ń yí pẹpẹ fúnra ẹ̀ láìsí bẹ́líìtì, bíi Technics SL-1200 lo ní, èyí tó ti wà láti 1972, kò bá hertz iná ṣe, volt nìkan ni kó o ṣọ́.

Ó ku gẹn. Tí NEPA bá mú iná tó o tan gẹn kékeré, tí fíríìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lójijì, gẹn á mí kanlẹ̀, hertz ẹ̀ á já wálẹ̀, turntable oníbẹ́líìtì tí mò ń sọ yìí á bá a wálẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ jìtá lè máà fura. Gángan ni kì í gbà, torí ohùn lòkè ohùn nísàlẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀, bíi tiwa náà. Ìlù tó fẹ́ sọ pé ọkọ́, tí iná bá já a sílẹ̀ lórí ohùn kejì, ó ti di ọkọ nìyẹn, ẹni tó ń lọ oko á wá dé ilé ìyàwó. Ìdí tí mo fi ń gbé rẹ́kọ́dù onígángan dání nìyẹn tí mo bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, oníṣọ́ọ̀bù á ní kí n gbọ́ jáàsì, mo ní rárá, ẹ bá mi fi tèmi sí i. Tówó ẹ bá ká ínfátà, pure sine, èyí tí iná ẹ̀ ń jáde geere bíi ti NEPA, ni kó o rà. Àwọn olówó pọ́ọ́kú yẹn ń mú kí motor máa kùn bí oyin.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo so turntable mi mọ́ ojú AUX, mo gbé fólúùmù dé òkè pátápátá, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó tún ń ṣe hùùùn. Tọ́pẹ́, Múṣin.

Ìdáhùn: Tọ́pẹ́, phono stage lò ń wá, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn turntable sókè kó tó wọ ampilifáyà. Iná tí abẹ́rẹ́ àti káàtíríìjì tó gbé e dání ń mú jáde kéré jọjọ, nǹkan bíi millivolt 5 fún èyí tí wọ́n ń pè ní moving magnet, moving coil tó wọ́n jù ú lọ ò dẹ̀ ju bíi 0.3 sí 0.5 lọ. Ojú AUX ń retí ohun tó sún mọ́ volt 1 tàbí 2. Kì í ṣe pé ó kéré nìkan o. Tí wọ́n bá ń gbẹ́ orin sínú rẹ́kọ́dù, wọ́n máa ń dín báàsì kù kí poro má bàa fẹ̀ jù, wọ́n á gbé àwọn ohùn tín-ín-rín sókè kí ariwo ara rẹ́kọ́dù má bàa bò wọ́n mọ́lẹ̀. Láti bíi 1954 ni gbogbo àwọn tó ń ṣe rẹ́kọ́dù ti ń gbà sórí ìlànà kan fún un, RIAA lorúkọ ẹ̀, phono stage ló dẹ̀ ń dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Wo ẹ̀yìn ampilifáyà ẹ kó o tó náwó, tó o bá rí ojú tí wọ́n kọ PHONO sí, iṣẹ́ ti parí.

Ti hùùùn yẹn, wáyà tín-ín-rín kan ń bọ̀ láti ara turntable tó dá wà lọ́tọ̀, àwọn èèyàn máa ń rò pé ó já ni. Éàtì ni. Dè é mọ́ nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n kọ GND sí nídìí PHONO.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, owó kọ́ ni ìṣòro mi. Ilé mi ní Lẹ́kkí, pálọ̀ ńlá, gíláàsì láti òkè délẹ̀, máàbù nílẹ̀. Mo ra ampilifáyà onígíláàsì 300B, watt 8, sípíkà mi dẹ̀ jẹ́ 86 dB, àga mi jìnnà tó mítà 4 sí wọn. Orin ò lágbára, ó dẹ̀ ń dún bíi pé inú balùwẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Oníjáàsì, Lẹ́kkí.

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, nǹkan méjì lẹ rà tí wọn ò lè fẹ́ra. 86 yẹn túmọ̀ sí pé tí ẹ bá fún sípíkà ní watt 1, tí ẹ dúró ní mítà 1, dB 86 lẹ máa gbọ́, dB yẹn la fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó. Tí ẹ bá fẹ́ fi 3 lé e, watt gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Watt 2, 89. Watt 4, 92. Watt 8, 95, ampilifáyà yín ti dé ògiri nìyẹn, a ò dẹ̀ tíì kúrò ní mítà 1, ká má sọ mítà 4. Torí náà ẹ wá sípíkà tó jẹ́ 96 sókè, àwọn oníhọ́ọ̀nù máa ń dé ibẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi sípíkà yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá ampilifáyà tó ní watt 60 sí 100. Èmi ní tèmi, 300B yẹn ni màá mú dání, ohùn èèyàn lórí ẹ̀ dà bíi pé ẹni náà jókòó sí pálọ̀ ẹ.

Balùwẹ̀ tẹ́ ẹ wí yẹn, pálọ̀ yín ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ dúró láàárín ẹ̀ kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá ń dún padà, kò sí ẹ̀rọ tí ẹ máa rà tó máa bò ó. Kọ́tìnì tó nípọn lójú gíláàsì yẹn, rọ́ọ̀gì ńlá láàárín ẹ̀yin àti sípíkà, ìwé lórí ṣẹ́ẹ̀fù lára ògiri ẹ̀yìn yín, ẹ ṣe mẹ́ta yìí ná. Ẹ fa sípíkà kúrò lára ògiri, ó kéré tán ìdajì mítà, kẹ́ ẹ dẹ̀ sún àga síwájú, kí àlàfo sípíkà méjèèjì sí ara wọn má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àlàfo wọn sí yín. Màdámú lè bínú sí èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí oníná àdúgbò tú ampilifáyà yẹn o. Nǹkan bíi 400 volt ló wà nínú ẹ̀, ó dẹ̀ lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ pílọ́ọ̀gì.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Bàbá àwọn ọmọ mi di olóògbé lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi rẹ́kọ́dù sílẹ̀ kún yàrá kan, ti Yusuf Ọlátúnjí wà níbẹ̀, ti Hárúnà Ìṣọ̀lá náà. Òjò wọ yàrá yẹn, òmíràn ti bu, ó funfun bí ìyẹ̀fun. Ọmọ mi ọkùnrin ní sípírítì lòun máa fi nù wọ́n. Ẹnì kan dẹ̀ ti wá tó fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Màmá Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé Màmá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ọmọ yín gbé sípírítì yẹn sílẹ̀ lónìí. Oríṣi méjì ni rẹ́kọ́dù tó wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 78 sí láàárín, tó wúwo, tí orin kan ṣoṣo bí ìṣẹ́jú 3 wà lójú ẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó dẹ̀ máa ń fọ́ bí abọ́ tánganran, shellac ni wọ́n fi ṣe é, oje tí kòkòrò kan ń sun jáde lára igi. Sípírítì máa ń yọ́ ọ. Tó bá fi nù ún, orin bàbá á bá tòwúù lọ. Èkejì ni LP onírọ́bà tó kọ́kọ́ jáde l'Amẹ́ríkà ní 1948, ìyẹn le díẹ̀, àmọ́ òun náà ò nílò sípírítì ilé.

Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti fọ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ bo imú, torí ìyẹ̀fun funfun yẹn ò dáa ní àyà. Distilled water ni kẹ́ ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Ẹ má ra omi bátìrì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, òmíràn ásíìdì ló wà nínú ẹ̀. Ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan ṣoṣo sí i, ẹ rẹ aṣọ múlọ́múlọ́ sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ máa nù ún yípo bí poro ṣe lọ, ẹ má fà á kọjá láti etí dé àárín. Kí omi má kan bébà àárín o, orúkọ àti nọ́ńbà ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́. Ẹ fi omi tí ò lọ́ṣẹ ṣan án, kẹ́ ẹ gbé e dúró níbòji kó gbẹ. Ti 78 yẹn, kí omi má pẹ́ lára ẹ̀, ẹ yára nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ tò wọ́n ní òòró bí ìwé, kó má kan ilẹ̀, kó má sí níbi tóòrùn ń wọlé. Àpò bébà tó ti bu, ẹ jù ú nù, ẹ ra tuntun. Páálí tó ní àwòrán níta nìkan ni kẹ́ ẹ tọ́jú.

Tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ wọn, abẹ́rẹ́ LP ò gbọdọ̀ wọ 78, poro 78 fẹ̀ jù ú lọ púpọ̀, á kàn máa wọ́ nísàlẹ̀ ni. Ó ní abẹ́rẹ́ tiẹ̀. Mo tún mọ̀ pé ilé bàbá yẹn á ní kọ́bọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí apá ẹ̀rọ, bàbá tèmi náà ṣe é kí rẹ́kọ́dù má bàa máa fò. Kẹ́ ẹ ṣí i kúrò. Abẹ́rẹ́ LP tòde òní ò nílò ju gíráàmù 1.5 sí 2 lọ, kọ́bọ̀ yẹn ló ń hú poro jáde.

Ẹni tó fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ yẹn, ẹ ní kó ṣì ní sùúrù. Kí ọmọ yín jókòó pẹ̀lú ìwé, kó kọ orúkọ olórin, ilé iṣẹ́ tó ṣe rẹ́kọ́dù náà àti nọ́ńbà tó wà lórí bébà àárín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti kọ 20 àkọ́kọ́, kó fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó kí bọ̀dá yẹn tó padà wá.