Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Gíláàsì Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù Tó Fọ́

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mò ń gbé, pákó ni mo sì ń tà. Mo ní píkọ́ọ̀pù Hilux kan tó ti pẹ́ díẹ̀, òun ni a fi ń gbé ọjà lọ fún àwọn oníbàárà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí a ti ń kó pákó bọ̀ láti ọ̀nà Ìkìrun, ọlọ́kadà kan já wọ iwájú wa, awakọ̀ mi tẹ bíréèkì lójijì, ni àwọn pákó náà bá sún síwájú, ọ̀kan nínú wọn sì gún gíláàsì ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ fọ́ pátápátá. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó fara pa. Ọ̀rá la fi bo ojú ibẹ̀ di ìsinsìnyí. Oníṣẹ́ gíláàsì kan ní òun lè gé gíláàsì pẹlẹbẹ tó nípọn sí i láàárín wákàtí kan, owó tó dá lé e kò sì pọ̀. Ẹlòmíràn ní kí n má gbà fún un, pé kí n lọ ra tòkunbọ̀ tó jẹ́ ti irú ọkọ̀ yìí gan-an, àmọ́ owó tiẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ta ni kí n tẹ̀ lé nínú àwọn méjèèjì, kí ni mo sì gbọ́dọ̀ mójú tó kí òjò má baà máa wọlé bí wọ́n bá ti fi í tán? – Onípákó, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.

ÈSÌ: Ẹ kú ewu o, ọ̀gá wa, ẹ sì kú àdánù. Ẹnì kejì ni kí ẹ tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ga.

Bí ẹ kò bá tíì gbá inú ọkọ̀ náà mọ́ tán, ẹ wo èérún gíláàsì tó kù lórí àga ẹ̀yìn. Ẹ ó rí i pé wẹ́wẹ́ ni gbogbo wọn, bí hóró àgbàdo, etí wọn kò sì mú bí etí ìgò tó fọ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa fọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ gé e sí ìwọ̀n ojú ọkọ̀ yín, wọ́n lu gbogbo ihò tó bá yẹ kó wà lára rẹ̀, kí wọ́n tó tì í sínú ààrò tí ooru rẹ̀ ju ìwọ̀n 600 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó ti ń jáde ni wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ líle sí ojú rẹ̀ méjèèjì kó lè tutù kíákíá. Ojú rẹ̀ yóò ti le nígbà tí inú rẹ̀ ṣì gbóná. Nígbà tí inú náà bá wá ń tutù tí ó ń súnkì, yóò máa fa ojú méjèèjì mọ́ra pinpin. Fífà yìí ló ń fún irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ lágbára ju ti fèrèsé ilé lọ, òun náà ló sì ń mú kí gbogbo rẹ̀ tú ká lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ohun mímú kan bá ti gún un wọ inú.

Nítorí náà, kò sí oníṣẹ́ kankan, ní Òṣogbo tàbí níbòmíràn, tó lè gé irú gíláàsì yìí lẹ́yìn tí ó ti jáde nínú ààrò. Bí irin ìgégíláàsì rẹ̀ bá ti wọlé díẹ̀, wẹ́wẹ́ ni yóò dà sí i lọ́wọ́. Ohun tí ẹnì kan bá lè gé lójú yín láàárín wákàtí kan, gíláàsì fèrèsé ilé ni, bó ti wù kó nípọn tó. Bí ìyẹn bá sì fọ́, gígùn-gígùn ni yóò fọ́, tí yóò mú bí ọ̀bẹ, ẹ̀yìn ọrùn awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í ló sì wà. Ẹ̀yin fúnra yín ti rí ohun tí pákó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ká ní gíláàsì ilé ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn là bá máa sọ báyìí.

Gígé kan ṣoṣo wà tí mo lè fọwọ́ sí. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn: awẹ́ gíláàsì méjì ni, tí wọ́n fi ọ̀rá tó nípọn tó sì mọ́ kedere lẹ̀ pọ̀ láàárín, ìdí nìyẹn tí ó fi ń sán láìtú ká. Ẹni tó mọṣẹ́ lè gé pẹlẹbẹ irú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti gbó débi pé a kò rí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ rà mọ́, tí ojú ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyẹn ṣeé lò. Ṣùgbọ́n ti Hilux kò ṣọ̀wọ́n, ẹ kò sì ní láti dé ibẹ̀. Ní ti ike Perspex tí àwọn kan máa ń dábàá, ẹ lè fi gbé ọkọ̀ dé ibi tí ẹ ti fẹ́ ra ojúlówó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí eruku ọ̀nà yóò ha á títí awakọ̀ kò fi ní rí ẹ̀yìn mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Òṣogbo. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n lè bá yín wá a ní Gate ní Ìbàdàn, tàbí ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, l'Ékòó. Ẹ má ṣe sọ pé “ti Hilux” kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ ọdún tí ọkọ̀ náà jáde, nítorí èyí tó wà lóde kí ọdún 2015 tó dé àti èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún náà kì í ṣe ara kan náà. Ẹ sọ bóyá ìlẹ̀kùn méjì ló ní tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì sọ bóyá odindi ni gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí èyí tí ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́. Ó dára kí ẹ fi tépù wọn ojú ihò náà, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní igun gíláàsì tí wọ́n bá fún yín, ẹ wá àmì kékeré tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ lè rí ọ̀rọ̀ náà “Tempered”, tó túmọ̀ sí gíláàsì tí wọ́n fi ooru ààrò mú le bí mo ti ṣàlàyé, tàbí lẹ́tà E nínú òbìrí pẹ̀lú 43R, tàbí AS2 bí ó bá jẹ́ ti ìlànà Amẹ́ríkà. Èyí tí kò bá ní àmì kankan, ẹ dá a padà fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ wé ìka, kí ẹ sì fi í tọ etí gíláàsì náà yí ká. Ojú rẹ̀ le púpọ̀, etí rẹ̀ ni àìlera rẹ̀ wà, tòkunbọ̀ tí etí rẹ̀ bá sì ti hán níbì kan lè fọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú tàbí tí ìlẹ̀kùn bá gbá pàá. Inàró ni kí wọ́n gbé e sí bọ̀ nínú ọkọ̀, pẹ̀lú fóòmù nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n má ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí wọ́n wá kó ẹrù lé e.

Kí ẹ tó fi gíláàsì náà rárá, ẹ pe wẹ́dà. Ọkọ̀ tí ń kó pákó tí kò ní irin ààbò láàárín ẹrù àti gíláàsì, ìgbà díẹ̀ ni gíláàsì tuntun yóò lò níbẹ̀. Kí ó ṣe férémù onírin tó ga dé orí òrùlé ọkọ̀, kí ó dè é mọ́ ara àpótí ẹrù, kí àlàfo àárín àwọn irin rẹ̀ má sì fẹ̀ tó ìbú pákó tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ tí ẹ ń tà. Mo ní kí èyí ṣáájú nítorí iná wẹ́dà máa ń ta sára gíláàsì, yóò sì jó ihò tíntìntín sí i lára tí kò ní ṣeé nù kúrò láéláé. Kí ó tú wáyà bátìrì kí ó tó tanná o. Láti ìsinsìnyí lọ, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti orí pákó mọ́ ògiri iwájú àpótí ẹrù pátápátá kí wọ́n tó so ó, nítorí àlàfo tó wà níwájú ẹrù ni ẹrù fi ń rí àyè sáré.

Ní ti gbígbá èérún kúrò, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n tú àga ẹ̀yìn, kí wọ́n sì yẹ ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó ń ká sí wò dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọganáísà fẹ́ ẹ, ojú ènìyàn ló máa ń bá lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró tì wọ́n jù lọ ni etí irin tí gíláàsì yóò jókòó lé. Bí rọ́bà tàbí gọ́ọ̀mù àtijọ́ bá ti kúrò, ẹ ó sábà bá ìpẹtà lábẹ́ rẹ̀, pàápàá ní igun méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ níbi tí omi ń dúró sí. Oníṣẹ́ tó ń kánjú yóò fi gọ́ọ̀mù bò ó mọ́lẹ̀, yóò gba owó rẹ̀, yóò lọ. Ìpẹtà náà yóò máa jẹ irin lọ lábẹ́lẹ̀ títí gọ́ọ̀mù yóò fi ṣí, omi yóò sì gba ibẹ̀ wọlé, ẹ ó wá máa bá gíláàsì tí kò ṣẹ̀ jà. Kí wọ́n ha á títí irin yóò fi funfun, kí wọ́n fi ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà kùn ún, kí wọ́n tún fi ọ̀dà ọkọ̀ lé e, kí ó sì gbẹ délẹ̀. Bí èyí bá gba odindi ọjọ́ kan, ẹ fún un ní ọjọ́ náà.

Ọ̀nà méjì ni gíláàsì ẹ̀yìn fi ń dúró. Bí ẹ bá rí rọ́bà dúdú tó nípọn tó yí i ká, tí ẹ ń rí i níta tí ẹ sì ń rí i nínú, rọ́bà ló gbá a mú. Ẹ tẹ igun rọ́bà àtijọ́ náà wò: bí ó bá ti gan tí ó sì sán, tuntun ni kí ẹ rà, nítorí kò lè di omi mọ́. Wọn yóò fi rọ́bà yí gíláàsì ká, wọn yóò tẹ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó yi sínú ihò rẹ̀ tí yóò gbá etí irin mú, títí orí okùn méjèèjì yóò fi kọjá ara wọn ní àárín ìsàlẹ̀. Wọn yóò fi omi ọṣẹ pa á. Ẹnì kan yóò dúró nínú àpótí ẹrù, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ ti gíláàsì mọ́ ojú ihò. Ẹnì kejì yóò wà nínú ọkọ̀, yóò máa fa okùn náà wọlé díẹ̀díẹ̀, bí okùn sì ti ń jáde ni ètè rọ́bà yóò máa fò kọjá etí irin, tí yóò sì bò ó. Omi ọṣẹ nìkan ni kí wọ́n lò. Gírísì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ́ kó yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń ba rọ́bà jẹ́.

Bí kò bá sí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Urethane ni orúkọ gọ́ọ̀mù tó tọ́, ẹ ó rí i lára páálí rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe fá ti àtijọ́ kan irin níbi tí ó bá ti lẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ bẹ́ ẹ kù pẹlẹbẹ bíi mìlímítà kan tàbí méjì, nítorí tuntun máa ń di mọ́ ọn dáadáa. Bí oníṣẹ́ bá ṣí gọ́ọ̀mù tirẹ̀ tí ó ń rùn bíi fínígà, ẹ dá a dúró: sílíkónì ni, kò lágbára tó láti gbé gíláàsì ọkọ̀ dúró, kíkan inú rẹ̀ sì ń mú kí irin tètè dógùn-ún. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú urethane gan, nítorí náà ó máa ń pẹ́ sí i nígbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ. Àkókò tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ tẹ̀ lé kí ọkọ̀ tó gbéra. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kan kalẹ̀ díẹ̀, nítorí bí gbogbo rẹ̀ bá wà ní títì tí ẹnì kan sì gbá ìlẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ lè ti gíláàsì ẹ̀yìn náà síta. Ẹ má sì tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀.

Nígbà tí ó bá ti gan, ẹ máa rọra da omi sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹnì kan wà nínú pẹ̀lú bébà gbígbẹ, kí ó máa fi kan etí rẹ̀ yí ká. Dída a láti ìsàlẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí omi ti wọlé gan-an. Bí etí gíláàsì bá gbẹ ṣáá tí omi ṣì ń kán sẹ́yìn àga, ẹ yẹ iná bíréèkì kẹta wò bí ọkọ̀ yín bá ní in lókè gíláàsì, kí ẹ sì yẹ ihò atẹ́gùn tó wà lára ògiri ẹ̀yìn náà wò. Wọ́n ti fẹ̀sùn kan gíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà lórí omi tó ń gba ibẹ̀ wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ìwé íńṣọ́ránsì ọkọ̀ mi, èyí tí wọ́n ń béèrè lójú ọ̀nà. Ṣé wọ́n lè san owó gíláàsì ẹ̀yìn tí ọmọdé kan fi òkúta fọ́? – Ìyá Ọlọ́jà, Ìgbọ̀nà, Òṣogbo.

ÈSÌ: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Bí ó bá jẹ́ “third party”, kò kàn án. Ohun tí ọkọ̀ yín bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn, tàbí ẹni tí ó bá ṣe léṣe, ni ìwé yẹn wà fún. “Comprehensive” ni ó lè san ti gíláàsì tiyín, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ nípa gíláàsì nínú rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì kàn sí wọn kí ẹ tó tún un ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Tòkunbọ̀ tí mo rí fún píkọ́ọ̀pù mi dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kò sí wàhálà? – Awakọ̀, Òkèfíà, Òṣogbo.

ÈSÌ: Wàhálà wà níbẹ̀ o. Láti ọdún 1991 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó lòdì sí gíláàsì ọkọ̀ tó dúdú láìgbàṣẹ, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni a sì ti ń gba ìwé àṣẹ náà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ bó o kúrò. Bí gíláàsì fúnra rẹ̀ bá dúdú láti ilé iṣẹ́, ẹ wá èyí tó mọ́ dípò rẹ̀, tàbí kí ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà jáde.