Èsì: Àyẹ̀wò wo ló ṣeé gbára lé fún kòkòrò inú ikùn?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ẹ ti lo oògùn H. pylori, kòkòrò àìfojúrí inú ikùn tó lè fa ọgbẹ́ inú, tán, síbẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣì ní ó wà lára yín. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Kì í ṣe kòkòrò gan-an ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wá. Àwọn ọmọ ogun ara tó bá a jà ló ń rí, wọ́n sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Èmi ò ní fi ṣèdájọ́ láé.

Ti èémí ni mo fara mọ́ jù. Ẹ ó fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò, ẹ ó mu omi tí wọ́n po èròjà kan tó ń jẹ́ yùríà mọ́, ẹ ó jókòó díẹ̀, ẹ ó tún fẹ́ òmíràn. Bí kòkòrò bá wà, á ti fọ́ yùríà yẹn, àmì rẹ̀ á sì bá èémí yín jáde. Ti ìgbẹ́ náà dáa, bí ojú ò bá ti máa tì yín láti gbé ike kékeré yẹn lọ! Kámẹ́rà ọ̀nà ọ̀fun, èyí tí wọ́n fi ń wo inú ikùn, ńkọ́? Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì yín, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ má fi falẹ̀.

Oògùn ló máa ń ba ti èémí àti ti ìgbẹ́ jẹ́. Ẹ bá dókítà yín sọ ọ́, kí ẹ dá omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú àyẹ̀wò, kó sì ti pé ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán tí ẹ lo oògùn apakòkòrò kẹ́yìn.