Bentley 2005 Tí Wọ́n Fún ní Ojú 2012: Ṣé Owó Rẹ̀ Á Gòkè?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí Bentley Continental GT kan tí wọ́n ń tà ní Essex. Ti 2005 ni, £16,500 ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin tó ni ín ti yọ bọ́ńpà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà àti iná iwájú rẹ̀, ó fi ti 2012 sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé tuntun ni. Ó ní torí ìyẹn, owó ẹ̀ ò lè já wálẹ̀ mọ́, pé mọ́tò tó bá rẹwà tó báyìí, ńṣe ni owó ẹ̀ á máa gòkè. Èrò mi ni pé kí n lò ó fún bí ọdún méjì, kí n wá fi ránṣẹ́ sí Èkó, kí n tà á jèrè. Àwọ̀ wo ló yẹ kí n kùn ún, dúdú ni àbí funfun? — Àbúrò yín ní Barking.

Ìdáhùn: Àbúrò, jẹ́ ká tibi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Má kùn ún rárá. Àwọ̀ tí wọ́n kùn ún ní Crewe, níbi tí iléeṣẹ́ Bentley wà, tó sì wà nínú ìwé mọ́tò, òun ni kó wà.

Irú lẹ́tà yìí ti sú mi í kà. Bí kò bá jẹ́ Bentley, á jẹ́ Range Rover tàbí Benz, ṣùgbọ́n irọ́ tí wọ́n pa fún olùbéèrè kì í yàtọ̀: pé bí ojú mọ́tò bá ti di tuntun, owó rẹ̀ náà ti di tuntun nìyẹn. Ó ń bí mi nínú, torí owó tí ọmọ ọlọ́mọ fi iṣẹ́ òru kó jọ ni wọ́n fi ń ṣeré.

Kí n tó dé orí ojú, jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ Èkó kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Essex, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Òfin Nàìjíríà kò fẹ́ sítíárì ọwọ́ ọ̀tún lójú títì. Lẹ́yìn ìyẹn, mọ́tò àlòkù tó bá ti ju ọdún 12 lọ wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbọdọ̀ jẹ́ kó wọlé, bẹ́ẹ̀ ti 2005 sì ti ré kọjá ìyẹn tipẹ́tipẹ́. Òfin a máa yí padà, nítorí náà kó o bi aṣojú tó níwèé àṣẹ láti máa báni gba ẹrù ní kọ́sítọ́ọ̀mù, má fi ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe rí báyìí, kò sí èrè Èkó kankan níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun mọ ọ̀nà, ọ̀nà yẹn ni kó máa bá lọ, ìwọ má tẹ̀ lé e.

Ó wá ku ẹwà. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé Continental GT kò dára lójú. 2003 ni wọ́n gbé e jáde, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Volkswagen ra Bentley. Dirk van Braeckel tó jẹ́ olórí àwọn ayàwòrán níbẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé R-Type Continental, Bentley àtijọ́ ti 1952, síwájú kí wọ́n tó fa ìlà kankan. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa: ìlà kan gbéra lórí táyà iwájú, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, kó sì tó pòórá, òmíràn ti yọ lára ilẹ̀kùn, ó wú sókè gba orí táyà ẹ̀yìn. Òrùlé rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ títí dé búùtù láìní igun. Bó o bá sọ gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀, kò sí òpó kankan láàárín ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ kọjá gbuurugbu. Ìjókòó mẹ́rin ló ní lóòótọ́, àmọ́ ti ẹ̀yìn, àwọn ọmọ ni kó o fi síbẹ̀. Àgbàlagbà tó bá jókòó síbẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Manchester, orúnkún rẹ̀ á bá a sọ̀rọ̀.

Gbogbo ẹwà yìí wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Nǹkan bí £110,000 ni wọ́n sì ń tà á nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ pé ẹwà ló ń gbé owó mọ́tò dúró, kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní £16,500 fún ọ lónìí? Ìlà ara rẹ̀ kò yí padà láàárín ọdún wọ̀nyẹn, owó ló já. Béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kó o sì wo ojú rẹ̀ bó bá ń dáhùn.

Ohun tó já owó rẹ̀ lulẹ̀ kò fara sin. Wọ́n pọ̀. R-Type Continental tí wọ́n wò yà á, 208 péré ni wọ́n ṣe láàárín 1952 sí 1955. Continental GT láti 2003 ti kọjá 80,000. Ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n. Ẹ̀wẹ̀, olówó tó kọ́kọ́ ra irú mọ́tò yìí, bí tuntun bá jáde, tuntun ló ń lọ rà, á sì ju ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré sí tirẹ̀. Owó ìtọ́jú ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé owó mọ́tò ti já. Lítà mẹ́fà ni ẹ́ńjìnnì yẹn, sílíńdà 12, turbo méjì, agbára ẹṣin 552, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n há mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì débi pé ìka ọmọdé kì í ráyè níbòmíràn. Nígbà mìíràn, nítorí ọ̀pá rọ́bà kan tó jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, odindi ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ ìdajì owó tó o fi ra mọ́tò. Díìsì bíréèkì iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 405. Ó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ dáadáa, nítorí náà ó ń jẹ táyà. Àpò afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró dípò sípíríǹgì irin, àpò afẹ́fẹ́ tó bá sì ti pé ogún ọdún, ó ti sú òun náà.

Ní báyìí, ká fọ irọ́ ojú tuntun yẹn.

Ní Èkó, upgrade ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gbé Prado 2010, wọ́n á fún un ní iwájú àti ẹ̀yìn ti tuntun, wọ́n á gbé e lọ òde ìnáwó, olówó rẹ̀ á sì máa yan. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ bó bá jẹ́ fún afẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá tà á ní owó tuntun. Bí wọ́n bá dé fìlà ọ̀dọ́ fún bàbá àgbàlagbà, ọjọ́ orí rẹ̀ kò yí padà, bẹ́ẹ̀ náà ni ti mọ́tò. Nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, wàá rí nọ́ńbà kan tó ní lẹ́tà àti òǹkà 17. Bí Bentley ni, SCB ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ka ìkẹwàá: ti 2005 á jẹ́ 5, ti 2012 á jẹ́ C. Nọ́ńbà yìí ni iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ń wò, òun ni oníṣòwò mọ́tò ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó dárúkọ owó kankan. Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà pàápàá, láti 2022 ni wọ́n ti ń fi í díye lé mọ́tò. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ń díye lé bọ́ńpà.

Wá wo ẹni tó fẹ́ ra Continental GT àkọ́kọ́ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ ojú 2012, tí owó rẹ̀ sì ká a, 2012 gangan ni yóò rà. Ẹni tó kù tó ń wá ti 2005, ojú 2005 ló ń wá, bó ṣe jáde ní Crewe. Ọkùnrin tó ń tà á fún ọ ti lé oníbàárà méjèèjì lọ. Ìwọ nìkan ló kù, torí náà ló ṣe ń fi èrè dán ojú rẹ.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Obìnrin kan gbé irú rẹ̀ wá kí n wò ó kó tó sanwó. Láti òkèèrè, ó ń dán yinrin. Mo tẹjú mọ́ àlàfo tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà. Lápá òsì, èékánná mi kò ráyè wọlé. Lápá ọ̀tún, ìka mi wọlé dé oríkèé. Mo fi ìka kan fẹ́ńdà, ó dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ike: fáíbà ni. Fẹ́ńdà tí Bentley ṣe fún èyí tó jáde ní 2011, aluminium ni; wọ́n á mú un gbóná tó nǹkan bíi 500°C, wọ́n á wá fi afẹ́fẹ́ tì í wọ inú máàdì, ìyẹn ni etí ìlà rẹ̀ fi mú ṣáṣá. Fáíbà tí mo kàn yẹn, etí rẹ̀ ti rọ̀ bí ọṣẹ. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: wọ́n ti gé wáyà iná iwájú, wọ́n lọ́ ọ pọ̀, wọ́n fi tépù dúdú wé e. Mo so kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò mọ́ ọn, àṣìṣe iná tó to síbẹ̀ gùn ju apá lọ. Mọ́tò náà ń wá iná 2005 rẹ̀, kò rí i. Èmi ni obìnrin náà sì bínú sí, kò bínú sí ẹni tó ń tà á.

Kì í ṣe gbogbo onípáńẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe é báyìí. Àwọn kan mọ̀ ọ́n ṣe. Síbẹ̀, bó ṣe wù kó dáa tó, o gbọ́dọ̀ sọ fún iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì pé wọ́n ti yí ara mọ́tò padà. Bó o bá pa á mọ́, tí jàǹbá sì ṣẹlẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó. Mi ò kí ń ṣe amòfin. Ìwé inṣọ́ránsì tìrẹ ni kó o kà.

Ohun kan wà lára mọ́tò náà tó níye lórí, ẹni tó ń tà á kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bìrìtìkó ṣáájú ọjọ́ 23 oṣù kẹta 2006 ń san owó ọ̀nà tó kéré gan-an sí ti ìkejì rẹ̀ tó dé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹ́ńjìnnì kan náà. Ti ULEZ, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù ní Lọ́ńdọ̀nù, Barking wà lábẹ́ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2023: tẹ nọ́ńbà mọ́tò náà sórí ìkànnì TfL, àjọ ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù, torí bí kò bá yege, £12.50 ni lójúmọ́ tó o bá gbé e jáde.

Ẹ̀yin tó kù tẹ́ ẹ fẹ́ kí owó yín dúró díẹ̀, ìwé ìtọ́jú mọ́tò ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe ojú: ta ló ṣe é, nígbà wo, kí ni wọ́n pààrọ̀. Èyí tó ní ìwé pípé, tí ohun gbogbo ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé, á máa tà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Continental GT Speed, ẹ̀yà tó ń sáré ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, tó jáde ní 2007, ṣì ní àwọn tó ń wá a. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ mọ́tò tí wọn á máa gbé jáde lójoojúmọ́ ń yan onísílíńdà mẹ́jọ tó dé ní 2012. Mi ò ṣèlérí èrè lórí èyíkéyìí nínú wọn. Mọ́tò afẹ́ ni, owó afẹ́ ni kẹ́ ẹ fi rà á.

Àbúrò, bí ọkàn rẹ kò bá gbà kó o fi í sílẹ̀, bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lọ wò ó lọ́jọ́ tí òjò bá ti rọ̀. Ṣí ike dúdú tó wà nídìí wáípà: ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà ṣàn lọ, ewé a sì máa dí ihò rẹ̀. Tẹ ọwọ́ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀. Bó bá tutù, omi ti ń wọ ibi tí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké wà, padà sílé. Ṣí búùtù, bátìrì méjì ló wà níbẹ̀, bi í léèrè ìgbà tó pààrọ̀ wọn. Ní kó má tan ẹ́ńjìnnì kó o tó dé, kó o gbọ́ bó ṣe jí. Wo bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ti tẹ̀ ju èkejì lọ. Ka ìtàn MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tó ń fi hàn bóyá mọ́tò yẹ lójú títì, lórí ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Kó o wá béèrè ibi tó kó bọ́ńpà, fẹ́ńdà àti iná àkọ́kọ́ sí. Bó bá ṣì ní wọn, kó kó wọn mọ́ mọ́tò, kó sì yọ owó dídá wọn padà kúrò nínú £16,500. Bó bá ti tà wọ́n, owó tó yẹ kó yọ ju ìyẹn lọ. Kó o tó ṣe gbogbo èyí, má san owó àsansílẹ̀ kankan, ì báà jẹ́ £100.