Kí ló dé tí gígùn áńtẹ́nà fi ṣe pàtàkì?

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà ló ń bí ìgbì rédíò. Tí ìgbì náà bá kan wáyà mìíràn lọ́nà jíjìn, á máa ti àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ síwá sẹ́yìn, iná kékeré á sì dìde níbẹ̀. Iná kékeré yìí ni rédíò ń lò. Wáyà tó ń gba ìgbì yìí la ń pè ní áńtẹ́nà.

Wáyà tó gùn tó ìdajì gígùn ìgbì (ìyẹn àlàfo láti orí ìgbì kan dé orí èyí tó tẹ̀ lé e) ló máa ń gbà á dáadáa. Kí ẹ lè mọ gígùn ìgbì ní mítà, ẹ fi iye MHz (megahertz, nọ́ńbà ilé iṣẹ́ rédíò FM tí ẹ fẹ́ gbọ́) pín 300. Ní 100 MHz, ìgbì jẹ́ mítà 3, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 1.5. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gé e o! Wáyà máa ń hùwà bí ẹni pé ó gùn díẹ̀ ju bó ṣe wà lọ, nítorí náà 143 ni kí ẹ pín dípò 150 tó jẹ́ ìdajì 300. Ìyẹn jẹ́ mítà 1.43: apá méjì, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 71 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má fara kanra láàárín. Ẹ so wáyà àárín kébù tó lọ sínú rédíò mọ́ apá kan, kí ẹ so àwọ̀n tó yí i ká mọ́ èkejì. Kébù 75 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná) ló bá a mu, torí áńtẹ́nà yìí fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí 73 ohm.

Tí ẹ bá gbé e sílẹ̀ gbọọrọ tí kò sì gbà dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣóńṣó rẹ̀ lẹ kọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gba ìgbì.